Ọdún Kan Pẹ̀lú Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ń Yẹ Ìwé Spec Wò

Ìwé spec (ìwé tí ń sọ irú ohun èlò àti òṣùwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ fi kọ́lé) tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo máa ń dà kọ fún gbogbo iṣẹ́ ilé tí ó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ nìkan ni mo ń pààrọ̀. Nígbà tí mo san owó ọdún kan fún ètò kọ̀ǹpútà kan láti òkè òkun, èyí tí ó máa ń fi ibi tí òṣùwọ̀n ti yí padà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn, mo rò pé ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò tọ́ka sí. Àmì pupa 41 ni mo kà lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí jù, nítorí pé ó ń sọ òṣùwọ̀n tí ó rọ́pò ti àtijọ́ àti ohun tí ó yí padà nínú rẹ̀. BS 12, òṣùwọ̀n Ìlú Ọba tí mo ń kọ fún sìmẹ́ǹtì, ti fàyè sílẹ̀ fún BS EN 197-1. Irin tí a ń pè ní 460 nítorí agbára rẹ̀ ti di 500 láti ìgbà tí wọ́n ti tún BS 4449 ṣe ní 2005. BS 8110, tí àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ fi kọ́ iṣẹ́ kọnkéré nílé ìwé, ni wọ́n ti pa tì ní Ìlú Ọba láti oṣù kẹta ọdún 2010, tí Eurocode 2, òṣùwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù fún kọnkéré, sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ojú tì mí, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo ń ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá mẹ́fà kan ní ẹ̀gbẹ́ Sábó. Nínú ìwé àtijọ́, C25 túmọ̀ sí pé kúbù kọnkéré gbọ́dọ̀ gba agbára 25 N/mm² lẹ́yìn ọjọ́ 28 kí ó tó fọ́. Nọ́ńbà méjì ni òṣùwọ̀n tuntun ń kọ: ti kọnkéré tí ó rí roboto bí agolo ló ń ṣáájú, ti kúbù ló ń tẹ̀ lé e, nítorí náà C20/25 ni ó bá C25 mi mu. C25/30, tí ó le jù ú lọ, ni ètò náà kọ. Agbaṣẹ́ṣe ka ìwé náà, ó ṣírò àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì pè mí: “Ẹ̀ńjìníà, ṣé ilé ìwé la fẹ́ kọ́ ni, àbí báńkì?” Èyí tí ó tilẹ̀ burú ju owó lọ ni pé BS 8110 ni ẹni tí ó ya àwòrán irin ilé náà fi ṣírò, tí ìwé mi sì ń pe Eurocode 2. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, èwo la fẹ́ tẹ̀ lé? Òru méjì ni mo fi tún un ṣe.

Ètò náà kò mọ NIS rárá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òṣùwọ̀n ilẹ̀ wa. Ní 2014, SON, àjọ tí ń bójú tó òṣùwọ̀n ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé ògiri rírẹ́ nìkan ni kí a máa fi sìmẹ́ǹtì 32.5 (nọ́ńbà agbára rẹ̀ nìyẹn) ṣe, kí a máa lo 42.5 fún òpó, dẹ́kìn àti bulọ́ọ̀kù, kí 52.5 sì wà fún afárá. Nínú ìsọ̀ tí mo ti ń ra sìmẹ́ǹtì, 32.5 àti 42.5 dúró ti ara wọn, èyí tí owó rẹ̀ bá kéré ni bíríkìlà yóò sì gbé bí ìwé kò bá dí i lọ́nà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbólóhùn yẹn sí i, pẹ̀lú NIS 117 fún irin àti NIS 87 fún bulọ́ọ̀kù. Ètò náà gbà á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ṣọ́ ọ: bí SON bá tún un ṣe lọ́la, àmì pupa kankan kò ní yọ.

Dọ́là ni wọ́n ń gbà, kò sì ṣiṣẹ́ bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo ti san ti ọdún kejì, nítorí pé méjì nínú àwọn iṣẹ́ mi jẹ́ ti àwọn olówó òkèèrè tí wọ́n ń béèrè ọdún òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó jẹ́ ilé oníyàrá mẹ́rin ló ń kọ́ fún àwọn ará ìlú kò nílò rẹ̀. Kí ó lọ ra ìwé NIS ti sìmẹ́ǹtì, ti irin àti ti bulọ́ọ̀kù.