Pléètì nìkan àbí sẹ́ẹ̀tì? Ìfiwéra ohun èlò kílọ́ọ̀ṣì fún ẹni tó fẹ́ rà

Ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Kàbbà kì í ṣàánú kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjíìnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì tó sì ń yà wọ́n nígbà tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, pàápàá ní agbègbè Ọbájànà, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù símẹ́ńtì ti máa ń to gbọọrọ, tí awakọ̀ á máa tẹ pẹ́dàlì tí á sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ìbéèrè tí mẹkáníìkì yóò bi yín ni bóyá pléètì nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀ tàbí ẹ óò ra sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pléètì, pírẹ́ṣọ̀ pléètì tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ́ńjíìnì, àti bẹ́ríìnì tó ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì. Èrò tèmi ni pé ibi tí ohun èlò jókòó sí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo iye rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ kò lè tó àfi bí wọ́n bá já gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀ yẹ kó di tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ohun tó wà níta lè dúró di ọjọ́ tó bá bàjẹ́.

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Bí ẹ́ńjíìnì bá ń pariwo lórí òkè ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò fà, tí òórùn jíjó sì ń jáde, pléètì ti jẹ tán tàbí ọ́ìlì ti kàn án. Bí ariwo bá ń dún kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, bẹ́ríìnì kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fura sí. Ṣùgbọ́n bí pẹ́dàlì bá ń rì, tí gíà kò sì wọlé àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sìlíńdà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní upper àti lower, tó ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín láti pẹ́dàlì dé kílọ́ọ̀ṣì, ló ń jò. Lára Hiace, ìta ni méjèèjì wà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já gíábọ́ọ̀sì nítorí wọn. Ti Ford Focus yàtọ̀: inú ni sìlíńdà ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà, ó yí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì po, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì.

Pléètì nìkan ló dà bí ẹni pé ó rọni lọ́rùn jù. Ó tó bí pírẹ́ṣọ̀ pléètì bá ṣì pé: kí ojú irin rẹ̀ má là, kí ooru má tíì sọ ọ́ di àwọ̀ búlúù, kí àwọn ìka sípíríǹgì àárín rẹ̀ ga bákan náà, kí ibi tí bẹ́ríìnì ti ń kàn wọ́n má sì tíì jẹ wọnú. Lára ọkọ̀ tó ti ń kó èrò láàárín Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ kì í sábà bá a bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ kò ní lè tẹ pléètì tuntun mọ́ fláíwíìlì (irin ràgàjì tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjíìnì) dáadáa, yíyọ̀ náà á padà, ẹ óò sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ sẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí kan. Bí owó kò bá tó, pléètì àti bẹ́ríìnì ni ó kéré jù. (Ẹni tó ń múra láti ta ọkọ̀ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ lè ní ìṣirò mìíràn, ẹni tó fẹ́ rà á ni kó ṣọ́ra.)

Ní ti tòkunbọ̀ àti tuntun, n kò ka tòkunbọ̀ sí ohun burúkú látòkèdélẹ̀. Pírẹ́ṣọ̀ pléètì tòkunbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó, tí ojú rẹ̀ dán, lè sàn ju ayédèrú tuntun tí irin rẹ̀ fúyẹ́. Pléètì tòkunbọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa: ẹ wo bí orí rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó tó mú láíníìnì dúró) ṣe jìn sí abẹ́ láíníìnì, ojú pléètì tó ń fara kan irin. Fún ọkọ̀ Toyota, bí jíjìn náà kò bá tó mìlímítà 0.3, pléètì náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọn ọ́n, kí sípíríǹgì kéékèèké àárín rẹ̀ má máa mì, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀ bóyá ọ́ìlì wà lára rẹ̀. Bẹ́ríìnì tòkunbọ̀ ni n kò ní rà láé, nítorí pé ó lè yí wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ yín kó sì máa ké nígbà tí agbára bá dé orí rẹ̀.

Fláíwíìlì tí ojú rẹ̀ ha díẹ̀ kò nílò ju kí wọ́n fi sáńpépà nù ún. Èyí tó ti ní ihò tàbí tó ti wọ́ yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi léèdì bó irin. Fláíwíìlì oníméjì-nínú-ọ̀kan (dual-mass), irú èyí tó wà lára Sharan oní-dísẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ohun tí à ń bó, pípààrọ̀ ni, ó sì wọ́n.

Ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ti ẹ̀yìn ẹ́ńjíìnì àti ti iwájú gíábọ́ọ̀sì ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò. Owó wọn kéré púpọ̀ sí ti sẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan tó ń jò yóò ba pléètì tuntun jẹ́ kíákíá. Bí ẹ bá rí ọ̀rinrin níbẹ̀, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí pé kó dúró.

Golf 3 tó ń lo irú gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní 020 yàtọ̀ níbì kan. Ìparí gíábọ́ọ̀sì náà, lábẹ́ ìdérí kan, ni bẹ́ríìnì rẹ̀ wà, wọ́n sì lè yọ ọ́ láìjá gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bí tiyín bá ṣì dára, owó rẹ̀ lè lọ sórí síìlì.

Ìṣòro tó kù ni ọ̀nà tó jìn. Ará Mọ̀pà tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti wà nílẹ̀, tí sẹ́ẹ̀tì tó rà kò sì bá a mu, yóò padà sí Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin. Golf kan lè gba pléètì mìlímítà 200, òmíràn 210. Ẹ mú nọ́ńbà ẹ́ńjíìnì àti ti gíábọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò, kí ẹ sì bá a ṣàdéhùn pé ẹ lè dá a padà níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì dè é. Nígbà tí ti àtijọ́ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn, kí ẹ ka eyín àárín wọn, kí ẹ sì kó tuntun náà sórí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì kí ẹ rí i pé ó ń yọ̀ lọ bọ̀ láìhá.