Ilé tí kò tètè tà ní Kàbà: ká dín owó rẹ̀ ni, àbí ká tún un ṣe?

Bí ilé bá ti pẹ́ lọ́jà, ohun tí ẹ́jẹ́ńtì máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ó yá lóòótọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ń dín in díẹ̀díẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á máa dúró de èyí tó tún kù. Ẹ dín in lẹ́ẹ̀kan, kó hàn.

Àtúnṣe ń jẹ owó, síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́ jù, bí kò bá ti ju ọ̀dà, páànù tó ń jò àti igbó àyíká lọ. Ilé tí ewúrẹ́ ti sọ di tirẹ̀, ta ni yóò rà á? Ẹ parí rẹ̀ kó tó di Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ọmọ Òkun, ìyẹn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí bíi ti Kàbà, tó wà l'Ábújá máa ń wálé. Ilé ìdáná, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá rà á á ṣe é bó ṣe wù ú.

Ìwé ńkọ́? Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba (C of O) tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí i. Bí èyí bá wọ́, ẹ̀dínwó kò ní tà á, ọ̀dà náà kò ní tà á.