Ọ̀kadà Mọ́níyà, báìkì orí fóònù l'Ékòó, zẹ́mìjàn Kútọ̀nú: èmi tí mo ń jókòó sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ bi

Ẹ̀yin tèmi, aṣọ ni mo ń tà n'Íbàdàn, àǹkárá ló pọ̀ jù, léèsì díẹ̀, iṣẹ́ yìí ò sì jẹ́ kí n gbé ojú kan, òní Èkó, ọ̀la Kútọ̀nú, ìdí mi ti mọ ẹ̀yìn ọ̀kadà ju bó ṣe mọ àga ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Àwọn tó ń wa báìkì kì í yé sọ̀rọ̀ ẹ̀, èyí tó ń jẹ epo, èyí tó lágbára, Bájáàjì dáa ju TVS lọ, TVS dáa ju Bájáàjì lọ, àmọ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń gbé lọ bí àpò gàrí, ta ló bi í? Kò sẹ́ni tó bi mí, mo ti bi ara mi. Màá fún kálukú ní máàkì ẹ̀ lórí mẹ́wàá, ẹni tó bá dùn kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Mọ́níyà ni mo ti ń gùn ún jù. Láti 2021 tí wọ́n ti ṣí reluwé tuntun láàárín Èkó àti Ìbàdàn, mo ti jọ̀wọ́ bọ́ọ̀sì fún àwọn tó lágbára ẹ̀. Reluwé dáa, àga ẹ̀ dáa, wàhálà ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé Mọ́níyà ló ń já wa sí, Mọ́níyà yẹn ò sì sún mọ́ ìgboro rárá. Bẹ́ ẹ bá ti ń jáde báyìí làwọn ọlọ́kadà ti máa pariwo, "Mọ́mì, Ọ̀jọ́ọ̀ ni? Mọ́mì Bódìjà! Mọ́mì ẹ gbé báàgì yẹn wá jàre!" Ẹnìkan á ti di Ghana-must-go yín mú lápá ọ̀tún, ẹnìkan á ti dì í mú lápá òsì, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹrù ti wà lórí táǹkì Boxer ẹnìkan tẹ́ ẹ ò tíì bá dúnàá dúrà. Ó dìgbà tẹ́rù bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dá owó lé yín, ₦1,000, ẹ̀yin á ní ₦500, yóò wo yín bíi pé ẹ bú ìyá ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ó ti wọ́n jù, ó ní kẹ́ ẹ lọ bi àwọn ilé epo. N ò kúkú lè bá a jà sí ìyẹn, láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sẹ́ni tí ẹnu ẹ̀ gbà á mọ́. ₦700 la máa ń parí ẹ̀ sí. Àmọ́ máàkì méjì ti lọ níbi ẹrù tí wọ́n ń fà mọ́ mi lọ́wọ́ yẹn, ọjọ́ kan ni wọ́n fa okùn báàgì mi já, àǹkárá tó jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìdúmọ̀tà, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn ní àwọn kọ́ o.

Ẹ wò ó, èmi ò mọ ẹ́ńjìnì. Ohun tí mo fi ń mọ ọlọ́kadà gidi ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: tí mo bá ní "ẹ rọra", kí lẹni tó wà níwájú máa ń ṣe? Bàbá kan wà ní Mọ́níyà yẹn, ó lè tó ẹni ọgọ́ta ọdún, Boxer ẹ̀ ti gbó, sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti ya tó fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́, tí òjò bá ti rọ̀ mọ́ ọn ìdí yín á tutù dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ rọra kẹ́ ẹ wá wò ó. Bàbá ò ní dá yín lóhùn, kò ní wẹ̀yìn, ẹ máa kàn gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnì á lọ sílẹ̀ ni, ó ti dẹwọ́ lórí iná nìyẹn. Tó bá fẹ́ bọ́ sí kòtò ó máa ń ní "Ìyá aláṣọ, kòtò o", èmi náà á gbé ìdí sókè díẹ̀. Ẹ ò ní mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí tí ẹ ò bá tíì gba kòtò kan lójijì kí ọ̀pá ẹ̀yìn yín dún kàù.

Ti ọmọkùnrin kan ló yàtọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, mò ń sáré láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ bá reluwé, mo ní ẹ rọra o, mo lọ́mọ nílé. Àbúrò yín yíjú sẹ́yìn pátápátá, lórí ìrìn o, ó ní "Mọ́mì ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ mi nìyí", bẹ́ẹ̀ lòórùn paraga ṣe já lu imú mi, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ló bá tún tẹná sí i. Tírélà méjì wà níwájú wa, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yọ́ lọ, àárín wọn ò ju ibi tí ewúrẹ́ lè gbà lọ, ibẹ̀ ló kó wa sí. Mo fi orúnkún méjèèjì há a mú, mo di ejìká ẹ̀ mú, mo dijú. Nígbà tá a yọ jáde tí mo wo ìró mi, ibi orúnkún ọ̀tún, ẹrẹ̀ táyà tírélà ti fi ilà sí i, ilà gbọọrọ, bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Ìró yẹn ṣì wà nílé, n ò fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mò ń fi han gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó sì tún béèrè owó ní kíkún, ó ní ṣé òun ò jẹ́ kí n bá ọkọ̀ ojú irin ni. Mo san. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin gbọ́, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ fò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ìyá wa máa ń jókòó ẹ̀gbẹ́ kan ni, ẹsẹ̀ méjèèjì sápá òsì, ìró ò ní ṣí, ó rẹwà, ó bọ̀wọ̀ fún ni, àmọ́ kò sí ohun tó ń dì yín mú o, tí ọlọ́kadà bá tẹ bíréèkì lójijì ẹ̀yìn lẹ ń lọ tàbí ojú títì. Èmi ti jáwọ́ níbẹ̀, ṣòkòtò pélébé ni mo máa ń wọ̀ sábẹ́ ìró, tí mo bá fẹ́ gùn ún màá ká ìró sókè, kẹ́ni tó fẹ́ wò máa wò. Apá òsì ni kẹ́ ẹ gba gùn ún, apá òsì náà ni kẹ́ ẹ gba sọ̀, torí apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà, kò sì mọ ẹni tó lówó. Èmi tí mò ń wí yìí, ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ọjà ni mo gbà á, mo sọ̀ lápá ọ̀tún, mo gbọ́ ṣáàà, inú ẹsẹ̀ mi ti bó. Ọlọ́kadà ní kí n lọ fi máàkìlíìnì sí i, mo sì gọ̀ débi pé mo fi sí i, ó jó mi bí ata, ọjọ́ kẹta ló ti ń ṣomi. Omi tútù tó ń ṣàn ló yẹ kí n gbé e sí, fún bí ogún ìṣẹ́jú, nọ́ọ̀sì ló bú mi kó tó sọ fún mi. Àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó rí bí ẹyọ obì.

Mọ́níyà, mẹ́rin. Bàbá yẹn nìkan, mẹ́sàn-án, sẹ́ẹ̀tì ló yọ ọ̀kan.

Ti Èkó ò ní pẹ́, torí kò sí i mọ́. Ẹ rántí 2019, báìkì orí fóònù gba gbogbo ìlú, ẹ̀ẹ́ tẹ fóònù, owó á jáde kẹ́ ẹ tó gùn ún, kò sí pé à ń náà á, orúkọ ọmọ náà á jáde, fọ́tò ẹ̀ á jáde, bẹ́ ẹ bá ní rọra ó ń rọra torí ó mọ̀ pé ẹ lè fún òun ní ìràwọ̀ kan tẹ́ ẹ bá sọ̀. Ìràwọ̀ yẹn ló là á létí, kì í ṣe pé wọ́n kọ́ wọn nílé. Wọ́n tún ń fún èrò ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dáa, àmọ́ èyí tí wọ́n gbé fún mi lọ́jọ́ kan, n ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, òórùn orí èèyàn bí ogún ló wà nínú ẹ̀, òógùn, dàmátọ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, mo ní Olúwa ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣubú. Nígbà tó di February 1, 2020 ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà, Súrùlérè, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Àpápá, Eko Island àti Mainland, kẹ̀kẹ́ márúwá náà bá a lọ, àwọn kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ báìkì orí fóònù yẹn bá yí padà, oúnjẹ àti páálí ni wọ́n ń gbé kiri. Ní June 2022 wọ́n tún wá tì í pa. Dáńfó ni mò ń wọ̀ láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta dé Ìdúmọ̀tà báyìí. Mẹ́fà, ká sọ̀rọ̀ òkú dáadáa.

Ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín pé orúkọ ọkọ̀ òfurufú la ń pè é o. Okada Air, ti Olóyè Igbinedion, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Ọ̀kadà ní Edo sọ. Nígbà tí báìkì bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde nínú gólóò làwọn èèyàn ní ó ń fò bí Ọ̀kadà. Ọkọ̀ òfurufú ti kógbá wọlé tipẹ́, orúkọ ẹ̀ wà lórí Bájáàjì.

Kútọ̀nú wá ń kọ́. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ tẹ́ ẹ dé ìgboro, ẹ máa rí àwọn ọlọ́kadà wọn, ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, nọ́ńbà wà lẹ́yìn ẹ̀. Zẹ́mìjàn ni wọ́n ń pè wọ́n, èdè Fọ̀n ni, bí ìgbà téèyàn ní "gbé mi kíá". Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é ẹ ní "kẹ̀kẹ́nọ̀!", etí Yorùbá yín á ti gbọ́ kẹ̀kẹ́ nínú ẹ̀, á dá yín lóhùn. Nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà kan mo gbàgbé dìdì aṣọ kan sórí táǹkì ọ̀kan nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tọkpá, mo ti ń ké, ìyá Àjàṣẹ́ tí mò ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ṣé mo wo ẹ̀yìn ẹ̀? Mo wò ó, mo rántí, wọ́n pè fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kó tó di ọ̀sán ó ti gbé e padà wá, ó ní kí n san owó ọ̀nà méjì. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi san án. Ẹ lọ wá ọlọ́kadà tí yóò gbé dìdì aṣọ padà ní Ọ̀jọ́ọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

Wọ́n sì ń dúró ní iná pupa! Báìkì bí ọgọ́rùn-ún á dúró, tí iná bá ti yí padà gbogbo wọn á hó lọ bí oyin tí wọ́n fi igi gún. Ṣùgbọ́n ẹ má yìn wọ́n jù o. Tẹ́ ẹ bá ní rọra, wọn ò gbédè, ẹ máa fi ọwọ́ lu ejìká wọn ni, àwọn míì rò pé ẹ ní kí wọ́n yára. Èkejì ni epo. Ọmọ náà á kàn yà sẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wọ́n to ìgò epo sí bí ìgò epo pupa, kpayo nìyẹn, Nàìjíríà wa yìí náà ni wọ́n ti gbé e wá, obìnrin á gbé àrọ, aṣọ á wà lẹ́nu àrọ, wọ́n á máa dà á sí táǹkì èmi ṣì jókòó lórí ẹ̀, ẹnìkan sì ń mu sìgá níwájú wa níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, ọlọ́kadà dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì, èmi èrò ò rí nǹkan kan dé, àfi gèlè. Ó ṣì fi dáa ju tiwa lọ ṣá, àwa tó jẹ́ pé ní January 2009 tí wọ́n ní dandan ni ẹ́límẹ́ẹ̀tì, igbá làwọn kan lọ dé sórí, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Kútọ̀nú, méje.

Èyí ló jẹ́ kí n lọ ra ẹ́límẹ́ẹ̀tì tèmi. Ọjà Àrárọ̀mí, ní Gate n'Íbàdàn, ni mo ti rà á, dúdú, ó ní dígí níwájú, n kì í yá ẹnikẹ́ni. Kò gba gèlè, ká má parọ́, àfi kí n tú gèlè kí n ká a sínú báàgì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde ní Mọ́níyà, bàbá yẹn wò mí títí, ó ní "Ìyá aláṣọ, ṣé ogun la fẹ́ lọ jà ni?" Mo ní kó ṣáà máa rọra. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbé e kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn léèsì, lọ́jọ́ Sátidé kọ́sítọ́mà kan wọlé tó ń bi mí pé èló ni. Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní ṣé tóun bá mú yáàdì mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀ ńkọ́.