Kọ́pílà wo ni kí ẹ rà fún ọkọ̀ ojú irin kékeré yín? Ìfiwéra fún àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti agbègbè wọn

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń to ọkọ̀ ojú irin kékeré sórí tábìlì ní Kwara kì í rí gbogbo ẹrù wa rà níbì kan náà. Ẹ̀gbọ́n á kó ti Hornby bọ̀ láti London, àbúrò á fi ti Athearn tàbí Bachmann ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. A ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ojú irin kan, ojú irin náà á sì gbà wọ́n, nítorí mílímítà 16.5 ni àlàfo irin méjèèjì, ì báà jẹ́ ìwọ̀n OO ti Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ìwọ̀n HO ti Amẹ́ríkà àti Jámánì. Ẹ́ńjìnnì á gbéra. Wágọ́nù á dúró síbi tó wà, torí kọ́pílà wọn, ìyẹn ohun tó ń so ọkọ̀ kan mọ́ ìkejì, ò bára mu.

Owó kọ́pílà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì, àmọ́ òun ló máa sọ bóyá ẹ ó jókòó wo ọkọ̀ yín bó ṣe ń rìn, tàbí ẹ ó máa fọwọ́ gbé wágọ́nù dìde láti àárọ̀ dalẹ́. Ìrísí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá fẹ́ rà á. Èmi kì í fi ìyẹn ṣáájú. Gíga tí orí kọ́pílà ga sí ojú irin ni mo máa ń wò, àti àpótí kékeré tí ìdí rẹ̀ jókòó sí. Kọ́pílà ì báà gbówó lórí tó bí ó ti wù kó tó, bí ọ̀kan bá fi mílímítà kan ga ju ìkejì lọ, wọ́n á máa já sílẹ̀ níbi tí tábìlì bá ti ṣe gbágungbàgun.

Ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yúróòpù

Kọ́pílà ìkọ́ ni ilé iṣẹ́ Tri-ang gbé jáde ní Ìlú Ọba ní ìparí àwọn ọdún 1950, òun náà sì ni ẹ ó bá lára èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù Hornby àlòkù. Ọ̀pá pẹlẹbẹ kan dábùú iwájú wágọ́nù, ìkọ́ kan sì wà lókè rẹ̀. Tí wágọ́nù méjì bá pàdé, ìkọ́ ọ̀kan á gun ọ̀pá ìkejì kọjá, á sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò ní wàhálà rárá. Kọ́nà tó fún jù lọ nínú irin Hornby, tó jẹ́ mílímítà 371 láti àárín òbìrípo rẹ̀, kò ní í lára. Ọmọ kékeré lè fọwọ́ ti wágọ́nù méjì pọ̀ kí wọ́n sì so. Tó bá jẹ́ pé ọmọ lẹ fẹ́ kó máa fi ọkọ̀ náà ṣeré, ẹ má wulẹ̀ yọ ọ́ rárá.

Ibi tó kù sí ni pé ó tóbi lójú, ó sì ń fi àlàfo gbàgàdà sáàárín kóòṣì àti kóòṣì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé wágọ́nù kan kúrò láàárín, mẹ́ta ni yóò gbéra nílẹ̀. Àtitú u láìfọwọ́kàn án á gba pé kí ẹ fi ike tó dagun sáàárín irin láti ti ìkọ́ sókè, ibi tí ike yẹn bá sì wà nìkan lẹ ti lè fi wágọ́nù sílẹ̀.

Kọ́pílà wáyà ti Yúróòpù ò jìnnà sí i: wáyà tó tẹ̀ yípo ló ń gun orí ìkọ́ ẹnìkejì. Ohun tó wúlò jù fún wa níbẹ̀ kì í ṣe wáyà náà, ihò tí wọ́n ń tì í bọ̀ ni. NEM 362 ni wọ́n ń pè é, ihò kékeré onígun mẹ́rin tí kọ́pílà ń wọ̀ tó sì ń jáde láìlo sùkúrù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun náà ti ń lò ó. Tí ẹ bá rí i lábẹ́ wágọ́nù, ẹ lè fa kọ́pílà kan yọ kí ẹ sì ti irú mìíràn bọ̀ ọ́ kí omi tó hó. Lábẹ́ kóòṣì Roco tàbí Fleischmann, ihò náà sábà máa ń wà lórí ohun tó ń sún: lójú irin tó gún, kóòṣì méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, tí wọ́n bá dé kọ́nà, á tì wọ́n jìnnà síra kí igun wọn má bàa gbára. Ó dùn ún wò gan-an. Ṣùgbọ́n orí kọ́pílà tó le gírígírí ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, wáyà lásán ò tó o.

Láàárín ẹrù Amẹ́ríkà àtijọ́, ẹ ó pàdé X2F, kọ́pílà ike tó ní ìwo. Ìgbìmọ̀ NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré lọ́hùn-ún, ló ṣètò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ó ń fà dáadáa. Títì ni kò mọ̀: ẹ̀gbẹ́ ni sìpíríǹgì rẹ̀ ń tì sí, nítorí náà tí ẹ bá ti wágọ́nù púpọ̀ sẹ́yìn wọ kọ́nà, etí ẹsẹ̀ èyí tó fúyẹ́ jù á gun irin, á sì yẹ̀. Bí wágọ́nù tó wà lára rẹ̀ bá wù yín, ẹ rà á, kí ẹ yọ kọ́pílà náà dànù.

Kọ́pílà ìkúùkù

Èyí ni mo ń lò, mi ò sì ní fi pamọ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Eli Janney gba ìwé ẹ̀tọ́ irú rẹ̀ tí ọkọ̀ gidi ń lò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1873, nígbà tí òṣìṣẹ́ ń wọ àárín wágọ́nù méjì láti fọwọ́ so wọ́n, tí ọ̀pọ̀ sì ń pàdánù ìka, àwọn mìíràn ẹ̀mí. Òfin ọdún 1893 ló wá sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí kọ́pílà máa so ara rẹ̀. Ìka irin kan ń kọ́ ìkejì, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá fi ìka ọwọ́ kọ́ra. Ilé iṣẹ́ Kadee ti ìpínlẹ̀ Oregon ló sọ ọ́ di kékeré lọ́nà tó ṣeé gbára lé.

Ẹ wò ó láti tòsí. Wáyà tín-ínrín kan rọ̀ wálẹ̀ lára ìka kọ̀ọ̀kan, ó ku díẹ̀ kó kan irin. Òòfà pẹlẹbẹ kan wà láàárín irin méjèèjì. Ẹ dá ọkọ̀ dúró kí ojú ìso bọ́ sórí òòfà, kí ẹ sún ẹ́ńjìnnì padà díẹ̀ kí ìfà náà dẹ̀. Òòfà á fa wáyà méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì, ìka á ṣí. Ẹ fà á kí wọ́n yà, kí ẹ wá tún padà sẹ́yìn. Orí méjèèjì ò ní lè kọ́ra mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á fi máa ti ara wọn. Ẹ lè ti wágọ́nù yẹn títí dé ìsàlẹ̀ yáàdì, kó jìnnà sí òòfà bó ṣe wù kó jìnnà. Ẹ dúró, ẹ fa ẹ́ńjìnnì kúrò, wágọ́nù á kù síbẹ̀. Kò sí kọ́pílà ìkọ́ tàbí ti wáyà lásán tó lè ṣe èyí. Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òòfà yẹn ń fa ọ̀pá ẹsẹ̀ wágọ́nù náà tó bá jẹ́ irin, ó sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ wágọ́nù Gẹ̀ẹ́sì. Wágọ́nù tó fúyẹ́ á máa yí lọ bá òòfà fúnra rẹ̀.

Nínú ti Kadee fún HO, No. 5 ni ògbólógbòó. Sìpíríǹgì pẹlẹbẹ kan ló ń dá ọrùn rẹ̀ padà sáàárín, ẹ ó sì fọwọ́ tò ó sínú àpótí. No. 148 ní wáyà tín-ínrín méjì lára ọrùn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sí sìpíríǹgì tí ẹ ó máa wá kiri ilẹ̀. No. 158 jọ 148, àmọ́ orí rẹ̀ kéré, ó sì sún mọ́ ti gidi. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ààyè tó fi ń gba ẹnìkejì mú dín kù. Lórí pákó tí káfíńtà àdúgbò kàn fún wa, tó ń wú lójò tó sì ń sún kì lọ́yẹ́, 148 ni mo rọ̀ yín láti rà. Fún ihò NEM, 17, 18, 19 àti 20 ni, láti èyí tó kúrú jù dé èyí tó gùn jù; ẹ fi 18 bẹ̀rẹ̀. Kọ́pílà mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú páálí kan, ìyẹn wágọ́nù méjì.

Àwọn tó fara wé Kadee náà wà: E-Z Mate ti Bachmann, McHenry, Accumate. Wọ́n ń bá a kọ́ra, wọ́n sì sábà máa ń wá lára wágọ́nù láìsan owó mìíràn. Ike ni púpọ̀ nínú wọn, kódà ike ló dípò sìpíríǹgì lára àwọn kan. (E-Z Mate Mark II yàtọ̀, irin ni.) Ike tí a bá tẹ̀ pẹ́ kì í padà sípò tán mọ́, ooru sì ń mú kó yá. Ẹ ronú yàrá onípáànù ní Ìlọrin lóṣù kẹta. Ìka á dẹ̀, ọkọ̀ gígùn á sì máa já sí méjì lórí òkè. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi irin sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì àti sára àwọn wágọ́nù tó sún mọ́ ọn jù, torí ibẹ̀ ni ìfà ti pọ̀ jù, kí ẹ jẹ́ kí ti ike ṣiṣẹ́ lápá ẹ̀yìn títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Gbogbo wọn ni eruku ọyẹ́ ń bá jà. Ẹ má ta òróró sí i, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fá ojú pẹ́ńsù tó rọ̀, bíi 2B, sórí ìwé, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kó lúbúlúbú rẹ̀ sínú àpótí kọ́pílà. Kó má kan ibi tí iná ń gbà o, torí ó ń gbé iná.

Ara wágọ́nù àbí bógì?

Ẹ dojú wágọ́nù dé kí ẹ tó sanwó. Bí àpótí kọ́pílà bá wà lára bógì, ìyẹn férémù kékeré tó gbé ẹsẹ̀ wágọ́nù tó sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀, kóòṣì gígùn á gba kọ́nà tó fún kọjá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń tì í sẹ́yìn, gbogbo agbára títì yẹn á máa lọ́ bógì, ó sì lè yẹ̀. Bí ó bá wà lára wágọ́nù fúnra rẹ̀, títì á gún régé. Ohun tó máa gbà lọ́wọ́ yín ni ààyè: kóòṣì tó gùn tó mílímítà 300 lórí kọ́nà mílímítà 438 á ju ìdí síta débi pé kọ́pílà á fa ẹnìkejì rẹ̀ kúrò lójú irin. Wágọ́nù kúkúrú tí ẹ fẹ́ máa tì síwá sẹ́yìn, ẹ yan ara wágọ́nù. Kóòṣì gígùn lórí tábìlì kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ lára bógì.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín

Àwọn ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀rọ 3D printer ti ń pọ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ tẹ kọ́pílà jáde látòkè délẹ̀. Ẹ tẹ àpótí, ẹ tẹ ọrùn, kí ẹ ra orí. Ìka tó ń ṣí tó ń pa, tí kò tó wóró ìrẹsì méjì, kò fàyè gba àṣìṣe, ike tí ẹ̀rọ tẹ̀ sì ń yára ṣẹ́. Ẹ tẹ́ ọrùn ní ìdùbúlẹ̀ kí ìpele ike bá a lọ ní gígùn. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lóòró, ìpele á dábùú ìfà, ibi tí ìpele méjì ti lẹ̀ pọ̀ ni yóò ti já.

Gíga ni iṣẹ́ yín gan-an. Fún HO, àárín orí kọ́pílà gbọ́dọ̀ ga ní íǹṣì 25/64 sójú irin, bíi mílímítà 9.9. Òṣùwọ̀n Kadee No. 205 ń jókòó sórí irin, ẹ ó kàn ti wágọ́nù lọ bá a ni. Tí tiyín bá wálẹ̀ jù, ẹ fi wọ́ṣà tín-ínrín sáàárín bógì àti ara wágọ́nù. Tó bá ga jù, ẹ ra èyí tí ọrùn rẹ̀ wálẹ̀, ẹ má tẹ ọrùn irin, ó máa kán. Sùkúrù M2 tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe máa ń kó dànù á wọ àpótí náà dáadáa. Kóòṣì tí kì í yà síra, ẹ má ná owó kọ́pílà lé e: ẹ fi wáyà bàbà tó le ṣe ọ̀pá tó ní ihò lórí méjèèjì, kí ẹ fi sùkúrù dè é.

Àwọn tó fẹ́ kọ́ ọkọ̀ tiwa, irú èyí tó ń gba Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin, níbi tí irin ti dé lọ́dún 1908, ẹ má fi 1:87, ìyẹn ìwọ̀n HO, kọ́ ọ. Mílímítà 1,067 ni àlàfo irin yẹn. Ẹ fi 64 pín in, 16.7 ni yóò kù, ó sì sún mọ́ 16.5 tí ẹ ní nílẹ̀. Ìwọ̀n 1:64 ni kí ẹ lò, bí àwọn kan ní South Africa àti New Zealand ṣe ń ṣe, torí irin wọn fẹ̀ bí tiwa. Orí kọ́pílà HO á kéré lójú lára rẹ̀, nítorí náà Kadee No. 802 ni kí ẹ wá.

Àwọn tó ní ìwọ̀n N, tí àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 9, Rapido ti Arnold ni ẹ ó bá lára ti Yúróòpù, ti Micro-Trains sì ni ìkúùkù rẹ̀. Mi ò ní bá yín gbé e jìnnà, nítorí eruku wa kò ṣojúure sí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ ò bá lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe wágọ́nù alárinà kan: kọ́pílà ìkọ́ níwájú, ìkúùkù lẹ́yìn. Hornby á fà á, ti Amẹ́ríkà á tẹ̀ lé e.

Tó bá wá di pé kí ẹ ránṣẹ́, "kọ́pílà ọkọ̀ ojú irin" nìkan ò tó fún ẹni tó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, Kadee No. 18, páálí méjì. Tí kò bá sí, No. 19." Fún ti Amẹ́ríkà: "Àbúrò mi, Kadee No. 148, páálí mẹ́ta, àti òṣùwọ̀n No. 205 kan." Kí ẹ sì ya fọ́tò abẹ́ wágọ́nù pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kún un, torí ọ̀pọ̀ Hornby tó ti pẹ́ kò ní ihò NEM rárá, No. 18 ò sì ní rí ibi wọ̀ lára wọn.