Lẹ́ńsì Gígùn Tó Fúyẹ́ fún Yíya Ẹyẹ àti Ẹranko: Canon Méjì, Nikon Méjì

Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá kò lè ya ẹyẹ. Ẹ fi ya lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù lẹ́yìn, ẹ ó rí màlúù, ẹ ó rí pápá, ẹyẹ á kàn jẹ́ àmì funfun kékeré kan nísàlẹ̀. Lẹ́ńsì gígùn ló kàn, ibẹ̀ náà sì ni ọrùn àti èjìká ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nikon 200-500mm f/5.6 (nọ́ńbà mm ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó, f jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀) tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ wúwo tó 2,300 g, kámẹ́rà kò tíì sí lára rẹ̀. Ẹni tó gbé e wọ igbó láago mẹ́fà àárọ̀, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ẹyẹ á bà síwájú rẹ̀, á sì kọ́kọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ọwọ́ sókè.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra níbí, gbogbo wọn ló sì fúyẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa: Canon RF 100-400mm f/5.6-8 tó jáde ní 2021, tó jẹ́ 635 g. Canon RF 600mm f/11 ti 2020, 930 g. Nikon 300mm f/4E PF ti 2015, 755 g. Àti Nikon 500mm f/5.6E PF ti 2018, 1,460 g. Bí iléeṣẹ́ bá dín ìwọ̀n lẹ́ńsì kù, ibì kan ló ti máa gbà á padà. Canon gba tirẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀, Nikon gba tirẹ̀ lápò yín. Èyí tí ẹ lè fara dà nínú méjèèjì, ibi tí ẹyẹ yín ń gbé ló máa sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu kámẹ́rà yín

Lẹ́ńsì RF kò lè wọ Canon 80D, 700D àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kò sì sí àsopọ̀ tó lè mú un wọ̀ ọ́. Ìdílé EOS R nìkan ló wà fún. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé ọlọ́jà tó fẹ́ tajà á ní Canon kò ju Canon lọ. Ti Nikon rọrùn díẹ̀: méjèèjì wọ D500, D850 àti D7200 tààrà, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdílé Z bí ẹ bá ra àsopọ̀ FTZ. Àmọ́ onírú E ni wọ́n, iná ni kámẹ́rà fi ń darí ihò inú wọn, nítorí náà D90 àti àwọn àgbà bíi tirẹ̀ kò lè lò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ìmọ́lẹ̀ ló máa dá a

Bí nọ́ńbà f bá ṣe ń ga sí i ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń kéré sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí f/11 ń gbà kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti f/5.6 lọ. Lábẹ́ igi, bí 500mm f/5.6 bá fún yín ní 1/400 ìṣẹ́jú àáyá, 600mm f/11 á fún yín ní 1/100 lórí ISO kan náà (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó). Ní 1/100, ẹyẹ tó kàn yí orí wẹ̀yìn ti dà rú nínú fọ́tò. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ 1/400 yẹn dandan, ẹ ó gbé ISO láti 3200 lọ sí 12800, noise, àwọn ẹ̀kán wínníwínní tó ń bo fọ́tò, á sì jẹ gbogbo fínnífínní tó wà lára ìyẹ́.

Ẹ wá jáde sí gbangba. Oòrùn aago mẹ́wàá, etí ọ̀sà tàbí pápá tí màlúù ti ń jẹ̀: f/11, ISO 800, kámẹ́rà á fún yín ní nǹkan bí 1/1600. Lékeléke tó ń fò kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹni tó ra 600mm f/11 kò ní mọ̀ pé nǹkan kan dín, títí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ á fi kọjá. Ilẹ̀ tiwa kì í pẹ́ ṣú, ìgbà tí lékeléke bá sì ń wọ́ lọ sílé lọ́wọ̀ọ́wọ́, tó dùn ún yà jù lọ, ìgbà yẹn gan-an ni agbára f/11 ń tán.

Ọ̀rọ̀ igbó tún yàtọ̀. Ẹ mú ẹyẹ kan tó jẹ́ tiwa gangan, Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀gà tí Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1958, tí kò sì sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Igbó IITA ní Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Dúdú ni akọ rẹ̀, orí àti àyà rẹ̀ pupa, òkè igi ló sì máa ń wà. Ẹyẹ dúdú, nínú òjìji ewé, tí ojú ọ̀run ń tàn lẹ́yìn rẹ̀: ẹ ní láti fi ìmọ́lẹ̀ kún un kí ìyẹ́ dúdú yẹn tó hàn, f/11 kò sì ní èyí tó máa fi kún un. Bí irú ẹyẹ báyìí ló ń wù yín, ẹ gbàgbé 600mm Canon, ẹ máa kówó jọ.

Canon méjèèjì

RF 100-400mm ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Bíi 650 dọ́là ni wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Ẹ fi sórí kámẹ́rà Canon R7, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ 612 g pẹ̀lú bátìrì: àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,247 g, kò tó ìwọ̀n 500mm Nikon nìkan. R7 tún ń gé ojú fọ́tò kù, ẹyẹ á súnmọ́ bí ẹni pé 640mm lẹ fi yà á. Ó ń ríran nítòsí dáadáa pẹ̀lú. Ní 400mm, labalábá tàbí alángbá tó fi díẹ̀ ju mítà kan lọ síwájú yín á mọ́lẹ̀ kedere. F/8 ló ń dà ní 400mm, ẹ má gbàgbé ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ṣì sàn ní ìlọ́po méjì ju f/11 lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò ní rí nínú ìwé tó bá a wá: kì í fa ojú. Ẹ gbé lẹ́ńsì ńlá jáde lójú títì Èkó, ọlọ́pàá á bi yín ní ìbéèrè, ọmọ ìta á sì wá bi yín ní tirẹ̀. Ní Lekki Conservation Centre, níbi tí ọ̀bọ ti ń súnmọ́ èèyàn, ẹ ó tilẹ̀ rí i pé 400mm ti pọ̀ jù, ẹ ó dá a padà sí 100. Afárá òkè igi ibẹ̀, tó gùn ní mítà 401, máa ń mì tí ẹlòmíràn bá ń kọjá. Kò sí tripod tó wúlò níbẹ̀, lẹ́ńsì tó ṣeé fọwọ́ kan gbé ló ń jẹ ọ̀gá.

600mm f/11, bíi 700 dọ́là nígbà tó jáde, ní ìwà tirẹ̀. Ihò rẹ̀ kì í ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í pa dé. Ẹ gbọ́dọ̀ fa ọ̀pá rẹ̀ jáde kí ẹ sì yí i tì kó tó lè ya nǹkan kan, ẹyẹ mìíràn kò sì ní dúró dè yín. Ohun tó bá súnmọ́ ju mítà 4.5 lọ, kò rí i. Lórí kámẹ́rà R5 àti R6, apá àárín fọ́tò nìkan ni autofocus, tó ń mú kí nǹkan hàn kedere fúnra rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Kò sì ní ààbò lọ́wọ́ eruku, nítorí náà tí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa nu ọ̀pá yẹn kí ẹ tó tì í wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹyẹ etí omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ńsì tí èèyàn ń ní ní òun nìkan.

Nikon méjèèjì

Dígí kan tí wọ́n ń pè ní PF ló gbé iṣẹ́ ńlá. Dígí lásán kì í tẹ gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ bákan náà, ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì gígùn fi ń to dígí púpọ̀ jọ kí ọ̀kan máa tún àṣìṣe èkejì ṣe. PF ní òrùka tín-ín-rín tín-ín-rín lójú rẹ̀ tó ń tẹ àwọ̀ sí òdìkejì, òun nìkan sì ṣe iṣẹ́ dígí bíi mélòó kan. D500 pẹ̀lú 500mm yìí jẹ́ 2,320 g, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 200-500mm láìsí kámẹ́rà lọ. Àléébù PF ni pé bí oòrùn tàbí dídán rẹ̀ lójú omi bá wọ inú fọ́tò, òrùka aláwọ̀ lè yọ yí i ká.

300mm f/4 ni wọ́n kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Lójú tèmi, òun ló sàn jù fún igbó nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí owó kò bá tó fún 500mm: f/4 ń gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ f/5.6. Bí ẹ bá fi TC-14E III, àfikún tó ń mú lẹ́ńsì gùn sí i, tó jẹ́ 190 g kún un, ó di 420mm f/5.6 tí gbogbo rẹ̀ kò tó kílò kan. Bíi 2,000 dọ́là ni wọ́n gbé e jáde, 500mm sì jẹ́ bíi 3,600. 500mm ń dá ẹyẹ kékeré bí olongo mọ̀ lókèèrè, ó sì ní ààbò lọ́wọ́ eruku àti ìrì. Kò sí zoom lára méjèèjì. Bí ẹtu bá rìn súnmọ́ yín, ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi padà sẹ́yìn. Ẹni tó ti wà lórí Z, tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè wo Z 600mm f/6.3 ti 2023, PF lòun náà.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Ti Nikon, tòkunbọ̀ ni mo máa wá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú dígí rẹ̀ kọjá: èbu máa ń yọ bí òwú aláǹtakùn létí dígí, ọ̀rinrin ìlú wa sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òrùka wẹ́wẹ́ nínú ti PF, kò sán o, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ fi wo ohun tó wà nítòsí, kí ẹ tún fi wo òkè ilé tó jìnnà, kí autofocus lọ kó bọ̀ níṣojú yín. Ẹ tan VR, tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì yíya dé ìdajì, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán inú fèrèsé kámẹ́rà dúró. Ẹ béèrè ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé 500mm sórí tripod. Ti 300mm kì í bá a wá láti iléeṣẹ́, RT-1 ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀, nítorí náà ọlọ́jà tó bá fowó lé e pé tòun pé, kó mú un jáde kí ẹ rí i.