Ìgbà ìrúwé nínú ọgbà wáìnì ìdílé: ọjọ́ ayẹyẹ àbí ọjọ́ lásán?

Tẹ́ẹ bá ń gbèrò àtilọ síbi tí ìdílé kan ti ń ṣe wáìnì tiwọn nígbà ìrúwé, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tà fún àlejò: tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ayẹyẹ lópin ọ̀sẹ̀, tàbí kẹ́ẹ bùkù ọjọ́ lásán láàárín ọ̀sẹ̀ kẹ́ẹ wá tọ́ wáìnì wò. Mo ti ṣe méjèèjì, wọn ò jọra rárá. Tó bá jẹ́ torí fàájì, ẹ gba ayẹyẹ. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra wáìnì sílé, ọjọ́ lásán ni mo fara mọ́.

Ohun tójú máa rí ná, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, wọ́n á rò pé gbogbo ọgbà á ti tutù yọ̀yọ̀. Tẹ́ẹ bá tètè lọ, bí oṣù kẹta níhà àríwá ayé tàbí oṣù kẹsàn-án ní Gúúsù Áfíríkà, igi àjàrà ṣì lè dà bí igi gbígbẹ, àfi òdòdó músítádì aláwọ̀ ìyeyè láàárín ẹsẹ̀ igi, níbòmíì ẹ máa rí àgùntàn tí wọ́n kó wọlé kó máa jẹ koríko, wọ́n á sì tètè kó wọn jáde kí wọ́n má bàa jẹ ọ̀mùnú. Ẹ súnmọ́ igi náà dáadáa o. Níbi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka ẹ̀, omi á máa kán tó, tó, tó, ìyẹn ni pé gbòǹgbò ti jí. Tójú ọjọ́ bá wá ń tó bíi 10°C déédéé, ojú ẹ̀ka á là, ó máa ń rí bí òwú pinkín, ewé àkọ́kọ́ á yọ jáde, etí ẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó rẹwà tó o nínú ọgbà. Òdòdó àjàrà fúnra ẹ̀ dẹ̀yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ó kéré débi pé èèyàn lè kọjá lára ẹ̀ kó má rí i.

Ọjọ́ ayẹyẹ: orin, oúnjẹ, àyè fáwọn ọmọdé láti sáré, nígbà míì wọ́n á fa wáìnì látinú àgbá fún yín. Àmọ́ ti inú àgbá ò tíì parí o, ó ṣì máa ń le lẹ́nu, ẹ má kánjú sanwó ẹ̀ sílẹ̀. Èrò ni wàhálà ibẹ̀. Ẹ máa tò sí láìnì, wọ́n á da nǹkan bíi 30 ml sí gíláàsì, kẹ́ẹ tó gbóòórùn ẹ̀ dáadáa ẹlòmíì ti dúró lẹ́yìn yín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra odidi páálí, ìgò 12, lọ́jọ́ kan torí ara ti yá, nígbà tí mo ṣí i nílé kò bá mi lẹ́nu mu, ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́ lásán: onílé fúnra ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ ló máa dúró tì yín. Ẹ bi í nípa ìrì dídì tó ń pa ọ̀mùnú lóru, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná káàkiri ọgbà kó lè móoru, tàbí kí wọ́n máa wọ́n omi lé igi lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí omi tó bá ń dì máa ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí ọ̀mùnú kú. Ìgbà yìí náà ni wáìnì funfun àti rosé (èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́) ti ìkórè tó kọjá sábà máa ń bọ́ sínú ìgò, ẹ lè tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ẹ tó mú.

Èyí tó wù kẹ́ẹ yàn, ẹni tó máa wakọ̀ kó tu wáìnì tó bá tọ́ wò sínú garawa tí wọ́n gbé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ má sì fi ìgò sínú mọ́tò tóòrùn ń pa, ooru máa bà á jẹ́ kẹ́ẹ tó délé.