TightVNC: èèyàn mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣómólú

TightVNC ni áàpù tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn rí ojú kọ̀ǹpútà yín, kó sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó lágbára la ní ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa, òun ni CorelDRAW tá a fi ń to iṣẹ́ ká tó tẹ̀ ẹ́ wà lórí ẹ̀, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì í. Ẹnìkejì mi wà ní Abẹ́òkúta. Tẹ́lẹ̀, WhatsApp la fi ń fi iṣẹ́ han kọ́sítọ́mà, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ká gbé fọ́tò bàbá sókè díẹ̀, a ó tún fi ránṣẹ́, wọ́n á ní ó ti ga jù, báyẹn la ó ṣe máa bá a lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Áàpù tá a kọ́kọ́ fi rọ́pò ẹ̀, mi ò ní dárúkọ, ńṣe ló máa ń já wa sílẹ̀ láàárín iṣẹ́, á ní òwò la fi ń ṣe, ká lọ sanwó.

TightVNC ò bi wá bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ báà máa fi ṣòwò. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni páásíwọ́ọ̀dù méjì tẹ́ ẹ lè ṣe: ọ̀kan fún ẹni tó lè fọwọ́ kan iṣẹ́, èkejì fún ẹni tó kàn ń wò ó. Ẹnìkejì mi ló ní ti àkọ́kọ́, kọ́sítọ́mà ló ní èkejì, gbogbo wa á sì jọ máa wo nǹkan kan náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú fún ìyá kan ní Ìlọrin tó máa ń gbéṣẹ́ wá fún wa. Mo tẹ oríkì màmá olóògbé, "Àbẹ̀kẹ́", ni wọ́n bá pariwo lórí fóònù: "Bọ̀dá, ẹ dúró! Àbẹ̀ní ni o!" Mo pa á rẹ́ níṣojú wọn, mo tẹ Àbẹ̀ní. Ẹyọ 200 ni wọ́n fẹ́ gbà. Ká ní a ti tẹ̀ ẹ́ jáde ńkọ́? (Kò ní ohùn o, ẹ ṣáà pe ara yín lórí fóònù.)

Tí èèyàn méjì bá di máòsì mú pọ̀, ọfà á kàn máa sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Ẹ lọ mú "Block remote input on local activity" nínú Configuration, tí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bá ti fọwọ́ kan máòsì, ti ará ọ̀nà jíjìn á dúró, tó bá gbé ọwọ́ kúrò fún ìgbà díẹ̀, tìyẹn á tún máa ṣiṣẹ́.

Ẹ má fi díwọ̀n àwọ̀ ṣá. Ó máa ń fún àwòrán pọ̀ kó má baà jẹ dátà, pupa tí kọ́sítọ́mà rí lè má jẹ́ pupa tiyín. Ẹ ní kí wọ́n yọ JPEG, ìyẹn ohun tó ń fún àwòrán pọ̀ yẹn, kúrò nínú Options, dátà á lọ, ṣùgbọ́n ó sàn. Àwa ṣì máa ń tẹ ẹyọ kan jáde wò.

Ààbò ni ò tẹ́ mi lọ́rùn. Páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ ò ju lẹ́tà 8 lọ, èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e ò kà. Páásíwọ́ọ̀dù yẹn nìkan ló sì ń bò, ojú iṣẹ́ yín àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀, gbangba ló ń gbà lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí port 5900, ẹnu ọ̀nà tí TightVNC ń gbà, sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí router yín, VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń bo ohun tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá) ni kẹ́ ẹ gbà. Ìyẹn gba àkókò láti tò fún kọ́sítọ́mà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àwọn tó ń gbéṣẹ́ wá déédéé nìkan là ń ṣe é fún. 4 nínú 5 ni mo fún un, ọ̀rọ̀ ààbò yẹn ló jẹ ìkan tó kù.